Ìlù ló pa Lagata, kò sẹ́ni tó dìbò: kí ni Ṣaworoidẹ gbà gbọ́ gan-an?

Àríkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn láti Sátidé, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé àwọn tó máa ń fara balẹ̀ wo fíìmù pọ̀ níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mo máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa jọ, wọ́n á tó méjìlá mẹ́tàlá, a ó ta bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun mọ́ ògiri pálọ̀, a ó wo fíìmù kan parí, a ó wá jókòó tú u palẹ̀. Lóṣù yìí Ṣaworoidẹ la wò, ti Túndé Kèlání, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde ní 1999. Èmi ti wò ó débi pé mo lè máa sọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn tẹ̀ lé wọn, àmọ́ àwọn ọmọ yìí ò mọ ìjọba ológun rí, nígbà tí Abacha kú ní 1998 kò sí ìkankan nínú wọn láyé, ìyẹn ni mo fi kọ́kọ́ là á yé wọn pé ẹ wò ó o, ìlú Jogbo tẹ́ ẹ máa rí yìí, Nàìjíríà ni, Lapite tó fẹ́ jọba tí ò jẹ́ kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ òun, gbẹ́rẹ́ ìbúra ni o, ọba tí wọn ò bá sín in fún, tó bá dé adé idẹ tí wọ́n lu ìlù náà, kíkú ló máa kú, àwọn olórí tó fẹ́ agbára tí wọn ò fẹ́ ohun tó de agbára mọ́lẹ̀ ni, àwọn tó ń gé gẹdú nínú igbó Jogbo tí wọ́n ń bá ọba àtàwọn ìjòyè pín owó ẹ̀, ẹ rò ó sí epo rọ̀bì, Lagata ṣọ́jà tí wọ́n pè pé kó wá bá wọn gba adé padà tó wá gbé adé náà ka orí ara ẹ̀, ẹ ti mọ irú èèyàn tíyẹn jẹ́.

Nígbà tó wá dé ibi tí Lagata ti dé adé idẹ, tí ọmọ Àyàn lu ìlù tó ní ṣaworo idẹ lára, tí Lagata sì kú, gbogbo pálọ̀ pariwo, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì ni ò pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Anti, ẹ ní fíìmù yìí ń jà fún dẹmokírésì. Ibo làwọn ará Jogbo ti dìbò nínú ẹ̀?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ mọ́. Òótọ́ ọmọ náà ni. Lapite ń sá fún ìlù, Lagata bá ìlù kú, tá a bá tún wo Agogo Èèwọ̀ tó tẹ̀ lé e ní 2002, ọba tuntun ibẹ̀ jẹ́ èèyàn gidi lóòótọ́ àmọ́ ohun tó fẹ́ fi fọ ìlú mọ́ náà ni pé kí ìjòyè wá búra kí agogo dún, kò sí àpótí ìbò, kò sí ilé ẹjọ́. Ṣé kì í ṣe pé fíìmù tí gbogbo wa ń pè ní fíìmù òmìnira, ayé àtijọ́ ló ń dá wa padà sí? Àti pé báwo lẹ̀yin ṣe ń mọ ohun tí fíìmù kan gbà gbọ́ nípa ìṣèlú, ṣé ohun tí àwọn òṣèré fẹnu sọ ni àbí nǹkan míì wà tí mi ò kíyè sí? Mi ò fẹ́ fi ọmọ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ èsì tí mo lè gbé síwájú ẹ̀.

Alàgbà Agbeni

Àríkẹ́ ọmọ mi, o kú iṣẹ́, iṣẹ́ ńlá lò ń ṣe fáwọn ọmọ yẹn, ọmọ tó béèrè ìbéèrè yẹn sì ní làákàyè.

Jẹ́ kí n sọ bí fíìmù yẹn ṣe bá wa fún ẹ. Mo ti lé lógójì ọdún nígbà tó jáde. Lọ́jọ́ June 12, 1993, mo tò sórí ìlà níta ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan láti òwúrọ̀, òòrùn mú, a ò kúrò, ìyá àgbà kan wà níwájú mi tó gbé àpótí kékeré wá látilé tó ń jókòó lé, tí ìlà bá ti sún, èmi àti bọ̀dá kan á bá a gbé àpótí náà sún. A dìbò, kò sí ìjà kò sí ìta. Oṣù náà ò tíì parí tí ìjọba ológun fi fagi lé e. Abíọ́lá tá a dìbò fún wọ àtìmọ́lé ní 1994, kò jáde láàyè, July 1998 ló kú sí i. Nítorí náà nígbà tí Ṣaworoidẹ dé, kò sẹ́ni tó tún ní láti kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń dìbò, a ti dì í, a ti rí ohun tí wọ́n fi ṣe. Ohun tó ń ká wa lára ni pé kò sí nǹkan kan lórí ilẹ̀ tó lè mú ẹni tó di ìjọba mú kó bọ̀wọ̀ fún ohun tí ìlú wí. Ibẹ̀ ni fíìmù yẹn fọwọ́ bà. Gbẹ́rẹ́ tí Lapite ò jẹ́ kí wọ́n sín yẹn, ìwé òfin tí kò fọwọ́ sí ni. Ó fẹ́ adé, kò fẹ́ ohun tó bá adé rìn.

Ìwọ náà sì mọ̀ pé kì í ṣe inú fíìmù ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láyé Ọ̀yọ́, tí Aláàfin bá ti ṣi agbára lò kọjá àfaradà, Ọ̀yọ́ Mèsì ló ń pàdé lé e lórí, Baṣọ̀run ni yóò fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i tàbí ẹyin odídẹ, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ìlú kọ̀ ọ́, ó gbọ́dọ̀ kú. Ìlù tó pa Lagata, igbá òfìfo ni. Fún èmi o, fíìmù tó bá sọ pé ọba pàápàá wà lábẹ́ nǹkan kan, kò jìnnà sí dẹmokírésì.

Ẹ má sì jẹ́ kí á gbàgbé pé àwọn tó ń ṣejọba mọ̀ pé eré lágbára. Ní 1964, nígbà tí Ògúndé gbé Yorùbá Ronú jáde, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè yẹn, ọdún 1966 lẹ́yìn tí ìjọba náà ti wó ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ìlù àti orin ni o, kò gbé ìbọn.

Fọlákẹ́ ọmọ Àyàn

Bàbá, mo kí yín o, ẹ kú àárọ̀. Ẹ má bínú sí mi, n ò gbà pẹ̀lú yín tán.

Igbá òfìfo tẹ́ ẹ sọ yẹn, ṣebí òun náà ni Baṣọ̀run Gáà gbá mú tó fi ń pa Aláàfin bó ṣe wù ú, ọba lẹ́yìn ọba, títí Abíọ́dún fi ṣẹ́gun ẹ̀ ní 1774. Àwọn bàbá wa ló sọ ọ́ pé bó o láyà o ṣèkà, bó o rántí ikú Gáà o sòótọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ọba, ta ló ń ṣọ́ òun náà? Ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn ti wọ̀ mí lára nìyẹn, torí nínú Ṣaworoidẹ, ọwọ́ ìdílé kan ṣoṣo ni ìlù yẹn wà, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ Àyàn lára ló lè lù ú kó ṣiṣẹ́. Àwọn ará Jogbo yòókù ń dúró dè é ni. Wọ́n pariwo, wọ́n jà nínú igbó, àwọn ọ̀dọ́ jí adé gbé, gbogbo ẹ̀ dáa, àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ parí, ọmọ ẹnì kan la tún ń retí.

Ilé Àyàn ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà kò sí bí fíìmù yẹn ò ṣe ní dùn mọ́ mi, mo sunkún nígbà àkọ́kọ́ tí mo wò ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tí mi ò rò pé gbogbo èèyàn kíyè sí. Ìyáàlù dùndún ló máa ń ní ṣaworo, wọ́n á so ó yí etí awọ ká, tí onílù bá kàn gbé ìlù kọ́ èjìká lásán, kò tíì lù ú o, ó ti ń dún wínniwínni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí bàbá mi bá ń bọ̀ láti òde lóru, ṣaworo la máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ní orígun kí á tó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Ìyáàlù ò lè yọ́ rìn. Ìyẹn ni mo rò pé Kèlání àti Ìṣọ̀lá mú lò, wọ́n mú ìlù tí kò ṣeé gbé pamọ́, tó ń kéde ara ẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, wọ́n gbé e kojú àwọn tó ń ṣe gbogbo tiwọn ní ìkọ̀kọ̀, ìwé gẹdú ní ìkọ̀kọ̀, owó ní ìkọ̀kọ̀, ìpànìyàn ní ìkọ̀kọ̀. Èrò ìṣèlú tó wà nínú fíìmù yẹn, inú ohùn yẹn ló wà fún mi ju inú ìbúra lọ: ohun tó jẹ́ ti ìlú, kí wọ́n ṣe é ní gbangba.

Síbẹ̀ mo ṣì ń bi ara mi pé kí ló dé tí ẹlòmíì ò lè lù ú. Èmi gan-an tí mo jẹ́ obìnrin nílé Àyàn, wọ́n kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, èmi ni mò ń gbé omi fún wọn. Tí fíìmù bá ní ìlù ló máa gbà wá, mo ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ta ni wọ́n gbà láyè kó fọwọ́ kan ìlù.

Táíwò Peckham

Ẹ̀gbọ́n Fọlákẹ́, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára gan-an. Anti Àríkẹ́, ẹ ní báwo la ṣe ń mọ ohun tí fíìmù gbà gbọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń wò. Mo máa ń wo ẹni tí ọ̀rọ̀ parí sí lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lè dùn, gbogbo wọn lè máa sọ̀rọ̀ òmìnira látòkèdélẹ̀, àmọ́ nígbà tí ìlú bá gbóná tán, ta ni fíìmù náà gbé dìde pé kó wá tù ú lójú? Ibẹ̀ ni àṣírí ẹ̀ wà.

Ẹ wo Sanders of the River, fíìmù tí wọ́n ṣe níbí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1935, àwọn Korda ló ṣe é, Alexander gbé owó kalẹ̀, Zoltan dáírẹ́ẹ̀tì. Nàìjíríà ni wọ́n ní ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Òyìnbó ajẹ́lẹ̀ kan ló ń ṣàkóso àwọn èèyàn etí odò. Ó gba lífù. Kò pẹ́ tó lọ táwọn kan fi tan irọ́ kálẹ̀ pé ó ti kú, pé kò sófin mọ́, kíá ìlú dàrú, wọ́n ń para wọn. Ó padà dé pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi àti ìbọn, gbogbo ẹ̀ rọlẹ̀, ó sì fi ẹni tó wù ú jọba. Tí ẹ bá ka ìtàn yẹn bí mo ṣe sọ ọ́ yìí, kò sẹ́ni tó ní láti dúró síwájú kámẹ́rà kó sọ pé àwọn adúláwọ̀ ò lè ṣàkóso ara wọn, ìtàn náà ti bá a sọ ọ́.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni àwọn èèyàn wa tó wà nínú ẹ̀. Paul Robeson ló ṣe olóyè Bosambo, ó gbà á torí ó rò pé wọ́n fẹ́ fi ẹwà àṣà Áfíríkà han ayé, nígbà tó rí ohun tí wọ́n fi ṣe ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó kábàámọ̀ ẹ̀. Jomo Kenyatta tó wá di ààrẹ Kenya wà nínú ẹ̀ láàárín èrò. Orlando Martins ọmọ Èkó wa náà wà níbẹ̀. Mo wo fíìmù yẹn lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú bàbá ìyàwó mi, ó dá a dúró, ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n tí imú ẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan gíláàsì, ó ń wá ojú Orlando Martins láàárín àwọn tó wọ awọ ẹran. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ojú ẹ̀ ń sọ nǹkan míì. Mi ò lè gbàgbé ìyẹn.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fi òṣùwọ̀n yẹn wọn Ṣaworoidẹ, ọ̀rọ̀ parí sọ́wọ́ onílù. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọba, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ṣọ́jà. Mo rò pé ohun tí àwọn tó ṣe é ń sọ nípa iṣẹ́ tiwọn gan-an nìyẹn, pé ẹni tó ní ohùn, akéwì, onílù, òṣèré, òun ni ìlú fi ń bá agbára sọ̀rọ̀. Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ ṣì dúró, ó fi àwọn tó kù sílẹ̀ láìní iṣẹ́ púpọ̀.

Ọmọ Kétu ní Kùtọnu

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Látìgbà tí mo ti ń kà á bọ̀, fíìmù Xala ló ń sọ sí mi lọ́kàn, ti Ousmane Sembène ará Sẹ̀nẹ̀gà, 1975. Tí ẹ bá rí i gbà, ẹ fi han àwọn ọmọ yẹn, torí ohun tí Ṣaworoidẹ ò ṣe ló ṣe.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn oníṣòwò adúláwọ̀ wọ ilé ẹgbẹ́ oníṣòwò ní Dakar, wọ́n lé àwọn Faransé jáde, wọ́n kó àwọn ère wọn síta, ìlù ń dún, ìlú ń yọ̀. Kò pẹ́ tí Faransé fi padà wọlé, wọ́n gbé báàgì kọ̀ọ̀kan síwájú oníkálùkù, àwọn ọ̀gá yìí ṣí i, owó ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé nǹkan kan. Ọ̀kan nínú wọn, El Hadji, ọjọ́ yẹn gan-an ló ń gbé ìyàwó kẹta, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni nǹkan ọkùnrin ẹ̀ kọ iṣẹ́, wọ́n ti dì í, èèdì yẹn ni wọ́n ń pè ní xala. Gbogbo fíìmù tó kù, ìwòsàn ló ń wá kiri.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé níbẹ̀ ni omi. Omi Evian tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kó wá láti ilẹ̀ Faransé ni El Hadji ń mu, òun náà ni dírẹ́bà ẹ̀ fi ń fọ mọ́tò Mercedes ẹ̀. Ọmọ ẹ̀ obìnrin, Rama, wọ ọ́fíìsì bàbá ẹ̀, bàbá gbé omi yẹn fún un, ó ní òun ò mu. Bàbá ń sọ Faransé, ọmọ ń fi Wolof dá a lóhùn. Ẹnìkan ò gbé ẹnu sókè, ẹ ṣì mọ ẹgbẹ́ tí kálukú wà. Nígbà tí owó wá tán lọ́wọ́ ẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fẹ́ lé e jáde, ó fẹ́ fi Wolof gbèjà ara ẹ̀, àwọn tó jọ ń ṣe nǹkan yìí ní Faransé ni kó sọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú omi bọ́ lójú mi torí bó ṣe rí níbí náà nìyẹn, ìyá mi tó gbọ́ Yorùbá dénú egungun á wọ ọ́fíìsì, á di ẹni tí ò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ fi òṣùwọ̀n Bọ̀dá Táíwò wò ó. Ọwọ́ ta ló parí sí? Ọwọ́ àwọn alágbe àti arọ tí ọlọ́pàá ti kó dà sẹ́yìn ìlú. Wọ́n wá bá a nílé, wọ́n ní tó bá fẹ́ kí ara ẹ̀ padà bọ̀ sípò àfi kó bọ́ra síhòòhò káwọn tutọ́ sí i lára. Wọ́n tutọ́ sí i, àwòrán dúró gbári síbẹ̀, fíìmù tán. Kò sí ìlù ìdílé kan, kò sí ọba tuntun. Ìjọba gé àwọn ibì kan kúrò nínú ẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n wò ó ní Sẹ̀nẹ̀gà. Ceddo tó tún ṣe ní 1977, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e pátápátá, ohun tí wọ́n sì fi ṣe àwáwí ni pé ó fi lẹ́tà d méjì kọ orúkọ ẹ̀ dípò ọ̀kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bá ara yín jà lórí àmì ohùn níbí, ẹ rí i pé ìjọba kan ti fi álífábẹ́ẹ̀tì mú fíìmù rí.

Táíwò Peckham

Mo padà wá torí ọ̀rọ̀ Xala yìí mú kí n rí i pé òṣùwọ̀n mi ní ibi tó kù sí. Ìwọ̀n náà ò lè dá dúró, ẹ gbọ́dọ̀ wo ojú tí kámẹ́rà dúró sí lára náà. The Battle of Algiers, 1966, ti Gillo Pontecorvo ará Ítálì, lórí ogun òmìnira Àlùjíríà, ọ̀gágun Faransé ló borí lóòótọ́ nínú ìjà 1957, àmọ́ fíìmù ò parí síbẹ̀, ó fo ọdún mẹ́ta, ó gbé wa dé December 1960 nígbà tí ìlú tú jáde sójú títì. Àwọn èrò ló jogún ìparí. Ẹgbẹ́ tó wà hàn gbangba, ọ̀kan nínú àwọn olórí ìjà náà, Saadi Yacef, wà lára àwọn tó gbé fíìmù náà jáde, ó sì ṣeré nínú ẹ̀.

Síbẹ̀ nígbà tí obìnrin ará Àlùjíríà gbé bọ́ǹbù wọ ilé tí wọ́n ti ń ta áìsìkíríìmù, kámẹ́rà ò kánjú. Ó ń lọ láti ojú kan sí òmíràn, àwọn tó ń jó, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, ọmọdé kan tó ń lá áìsìkíríìmù. Obìnrin yẹn rí ọmọ náà. Àwa náà rí i. Ó fi báàgì sílẹ̀ ó jáde. Orin tí wọ́n fi sábẹ́ òkú àwọn Lárúbáwá níṣàájú ni wọ́n tún fi sábẹ́ òkú àwọn Faransé. Fíìmù tó ti mọ ẹgbẹ́ tó wà ló ṣì ní kí o wo ojú ọmọ yẹn dáadáa kó o tó pàtẹ́wọ́. Mo rò pé ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí ìpolongo lásán. Ní 2003 nígbà tí Amẹ́ríkà wà nínú ogun Ìráàkì, àwọn ọ̀gá ológun wọn wo fíìmù yìí ní Pentagon láti fi kọ́gbọ́n, fíìmù tí àwọn tó ń jà fún òmìnira ṣe. Ẹni tó ń wò ó náà ń gbé nǹkan tiẹ̀ wá síbẹ̀.

Anti Àríkẹ́, ọmọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì tí ò pàtẹ́wọ́ yẹn, ẹ ṣọ́ ọ o, olùwòran gidi ni.

Àríkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún ọmọ náà lálẹ́ àná lórí fóònù, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fara balẹ̀ gbọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ Anti Fọlákẹ́ ló sún mọ́ ohun tóun fẹ́ sọ, pé ta ni wọ́n gbà láyè kó lu ìlù. Ó ní òun gbà pé ìbúra lè jẹ́ òfin, àmọ́ òun fẹ́ kí gbogbo ìlú mọ ọ̀rọ̀ inú ìbúra náà kí wọ́n sì lè yí i padà tó bá yá. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Xala la máa wò lóṣù tó ń bọ̀, Ọmọ Kétu, ẹ jọ̀ọ́ tí ẹ bá mọ ibi tí mo ti lè rí èyí tí wọ́n kọ ìtumọ̀ sábẹ́ ẹ̀, ẹ bá mi sọ.

Bàbá Agbeni, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Nígbà tí mo dé ibi ìyá àgbà tó ń jókòó lórí àpótí ní June 12, ọmọ náà dá mi dúró, ó ní ṣé òótọ́ ni, ṣé ẹ ṣì wà, ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni tó tò sórí ìlà yẹn sọ̀rọ̀ rí. Ṣé ẹ lè wá jókòó tì wá ní Sátidé? Agbeni sí Mọ́kọ́lá ò jìnnà, màá rán ọmọ kan wá fi mọ́tò gbé yín, a ó sì gbé àga onítìmùtìmù síwájú fún yín.

Alàgbà Agbeni

Màá wá. Agogo mélòó lẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀?